Ọba Tí Bàbá Mi Fi Ọkpa Mẹ́ta Rà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Enugu níbí, kọ́bọ̀ márùn-ún ni ọkpa kan, ó sì ń yó èèyàn. Ọkpa yìí ni oúnjẹ tó dà bí mọ́ínmọ́ín tí wọ́n ń pọ́n sínú ewé, tí wọ́n ń kiri láàárọ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ilé, ilẹ̀ Yorùbá, dé yóò rò pé ọ̀pá ni wọ́n ń tà, yóò sì máa wá igi lórí àtẹ. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọmọ wa máa bi mí pé kí ló kan ọkpa nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ irin tí mo fẹ́ sọ. Ẹ ṣe sùúrù. Mi ò kàwé tó yín, àmọ́ mo mọ ibi tí mò ń lọ.

Ẹ̀rọ ata ni màámi ń lò níwájú ilé wa. Ata, ẹ̀wà, àgbàdo ògì, gbogbo rẹ̀ ló ń lọ̀. Bàámi ló ń tún ẹ̀rọ náà ṣe, òun náà ló sì ń tún ti àwọn ẹlòmíràn ṣe kiri. Oúnjẹ wa, owó ilé wa, aṣọ ọdún wa, ẹnu ẹ̀rọ yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Àfi lọ́jọ́ kan tí ṣáàfù rẹ̀ kán. Ṣáàfù ni ọ̀pá irin roboto tó ń yí ọlọ inú ẹ̀rọ. Àwẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ẹ sì mọ̀ pé ìgbà àwẹ̀ ni àgbàdo ògì àti ẹ̀wà àkàrà máa ń pọ̀ jù.

Ọkùnrin kan wà nínú ìlú tó ní léètì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú irin yí bírí, tí ọ̀bẹ irin yóò máa fá a títí yóò fi rí roboto. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fá ṣáàfù fún bàámi, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló fá ìfákúfàá. Nígbà tí bàámi padà lọ, ọkùnrin náà ní iṣẹ́ wà nílẹ̀, kó padà wá lẹ́yìn ọdún àwẹ̀.

Kò tán síbẹ̀. Obìnrin ará Ọ̀yọ́ kan tó wà ní òdìkejì títì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ̀rọ tuntun kalẹ̀. Láàárọ̀, bí ẹ̀rọ tirẹ̀ bá ti ń ké, yóò yọjú sí màámi: "Ìyá Ẹlẹ́rọ, ẹ mà kú ìsinmi o!"

Màámi á dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín, á wọlé, á sì fi ìlẹ̀kùn lu ògiri.

Bàámi wá ní òun máa ṣe léètì tòun lẹ́yìnkùlé. Màámi wò ó látòkè délẹ̀. "Bàbá ọmọ mi, omi ni mo ní kí ẹ wá fún mi mu, ẹ ní ẹ fẹ́ lọ gbẹ́ odò."

"Bí odò bá ti wà, òùngbẹ ò ní gbẹ ẹ́ mọ́."

Ó ti ní ìdí ọkọ̀ akẹ́rù tó ti bàjẹ́, ìyẹn ni irin yóò máa yí lórí rẹ̀. Ohun tí kò ní ni irin gígùn méjì tó tọ́, tí gbogbo ẹ̀rọ yóò jókòó lé. Ẹnìkan sọ fún un pé bàbá kan wà ní Amechi, lẹ́bàá Enugu, tó ní irin ojú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ èédú, èyí tí wọ́n ń tẹ́ sínú ihò tí wọ́n ti ń wa èédú. Bàámi gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó di Amechi.

Mo gbọ́ Ìgbò bí ẹni mumi, ìta ni mo ti kọ́ ọ. Ìgbò ti bàámi dà bí àkísà: ó bo ìdí, àmọ́ gbogbo ayé ń rí i pé kì í ṣe aṣọ. Síbẹ̀ ó ti kìlọ̀ fún mi lójú ọ̀nà pé ọmọdé kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Mo ní ó dáa.

A bá bàbá náà pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì lábẹ́ igi, fìlà pupa lórí rẹ̀. Bàámi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ẹnu yà wọ́n. Ẹ wá gbọ́ o. Lédè Ìgbò, ígwè ni irin. Àmọ́ bí ohùn kò bá wálẹ̀ lẹ́yìn, tó dúró sókè, ígwé, ọba lo pè yẹn. Ochie ni ohun tó ti gbó. Yorùbá ni bàámi o, ọmọ tí bí ó bá pe ọkọ̀ ní ọkọ́ ìyá rẹ̀ á gbá a létí. Ó wá dé Amechi, ó ta ohùn sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ọba yín tó ti gbó ni mo wá rà."

Bàbá náà gbé ìgò aáṣáà rẹ̀ sílẹ̀. "Ọba wa wo?"

"Èyí tí ẹ ò lò mọ́. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tó ti wà ní ìdùbúlẹ̀. Bó bá tilẹ̀ ti dípẹtà, kò burú, màá fá a lára. Màá gé e sí méjì kó lè wọ ọmọlanke."

Ọba wọn gan-an sì ń ṣàìsàn lọ́wọ́ nígbà náà! Bàbá náà dìde pẹ̀lú ọ̀pá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọ̀dọ́ inú agbo ilé. Èmi ti fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Bàámi rò pé owó ni wọ́n ń bínú sí, ó ní òun máa fi díẹ̀ lé e. Nígbà tí mo rí ọ̀dọ́ kan tó gbé àdá jáde, mo gbàgbé ìkìlọ̀. Mo kígbe pé, "Ígwè! Irin ló ń wí o!"

 Lẹ́yìn náà ni bàbá yẹn rẹ́rìn-ín títí fìlà fi já bọ́ lórí rẹ̀. Nígbà tí bàámi béèrè iye, ó nu ojú rẹ̀ nù. Ó ní ẹnikẹ́ni kì í gba owó orí ọba, kó lọ ra ọkpa wá fún àwọn àgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn ọ̀dọ́ yẹn ló bá wa gbé irin náà sórí ọmọlanke tí a háyà, wọ́n ń kí i lójú ọ̀nà pé, "Ígwé! Ígwé!" Orúkọ ẹ̀rọ wa nìyẹn títí di òní.

Ó ku ọjọ́ méjì kí àwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kí Ọba tó jókòó tán lórí ìtẹ́ kọnkéré. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ ata ni bàámi fi bẹ́líìtì so mọ́ ọn. Ọba ké, irin yí, bàámi fá. Nígbà tó yọ ṣáàfù náà, orí kan tóbi, orí kejì tín-ín-rín.

Màámi yẹ̀ ẹ́ wò. "Bàbá ọmọ mi, kárọ́ọ̀tì ni ẹ fá."

Irin rere tó kù kò ju ẹyọ kan lọ. Bí ìyẹn bá tún di kárọ́ọ̀tì, a ó fi ẹnu wa gba àwẹ̀ tí kò ní ìṣínu. Bàámi ta òwú sójú irin Amechi tó wà nísàlẹ̀, ó wò ó, ó tún un wò. Ó rí i pé òpin kan fi nǹkan tó tín-ín-rín bí irun rẹlẹ̀ ju èkejì lọ. Ó gé agolo mílíìkì tì í nísàlẹ̀, ó nípọn jù. Ó wò yíká, ó rí ìwé iléèwé mi, ó fa èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ya, ó kì í bọ̀ ọ́. Ó ṣe rẹ́gí, ṣáàfù kejì sì tọ́! Nínú gbogbo ìwé tí wọ́n rà fún mi, èyí nìkan ló wúlò.

Lọ́jọ́ kìíní àwẹ̀, ẹ̀rọ màámi ń ké, kò gbọ̀n, kò mì. Nígbà tó di àárín àwẹ̀, ṣáàfù obìnrin ará Ọ̀yọ́ kán. Ó gbé e wá sílé wa, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Màámi fa àga fún un. "Ẹ jókòó, ìyá. Ẹ mà kú ìsinmi o." Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Bàámi fá tirẹ̀ kalẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

Lónìí, ṣáàfù inú ọ̀rá ni mo ń tà ní Artisan Market, ọkọ̀ òkun ló ń kó o wá. Bó bá kán, wọ́n á ra òmíràn, kò sẹ́ni tó ń ta òwú sójú irin mọ́. Àwọn ọmọ-ọmọ mi, Òyìnbó àti Píjìn ló yá lẹ́nu wọn. Bí wọ́n bá pe ígwè, bí wọ́n bá pe ígwé, bákan náà ló ń dún létí mi. Mo máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, àwọn náà ń fi Òyìnbó tèmi rẹ́rìn-ín, a ò jẹ ara wa ní gbèsè.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọkùnrin kan tó ń ra irin àlòkù kiri wọ ẹ̀yìnkùlé mi pẹ̀lú òṣùwọ̀n. Ó rí Ọba níbi tó jókòó sí, èèpo ìwé mi ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó wọn ibi tó lè wọ̀n, ó fojú díwọ̀n ìyókù, ó sì ka owó sójú mi. Mo ní, "Ọmọ mi, ẹnikẹ́ni kì í gba owó orí ọba. Àfi bó o bá ní ọkpa." Ó wò mí bí ẹni wo wèrè, ó kó òṣùwọ̀n rẹ̀, ó sì kó owó rẹ̀ lọ: ẹgbẹ̀rún méjìléláàádọ́rin náírà.