Máàkì Tó Ga

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń tẹ ìdí báírò, ká, ká, ká, inú á bí mi. Dókítà tó tọ́jú bàbá mi ní yàrá àwọn tí àìsàn wọn le jù, níbí ní Ìlọrin, ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dọ̀ bàbá mi ti le gbagidi, ojú wọn pọ́n bí epo.

Ọkùnrin yìí kì í wojú èèyàn. Á tẹ èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sínú fóònù, fóònù á sì bá a ṣírò máàkì tó ń sọ bóyá aláìsàn á yè. Bí o bá bi í léèrè ọ̀rọ̀, á ní, "Èmi ni dókítà ni, àbí ìwọ?"

Lọ́jọ́ kan, ó tẹ fóònù tán, ó ní, "Màmá, máàkì wọn ga gan-an o." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìyá mi, tó ti ń kọ́ ọmọdé ní ilé kéú láti ìgbà ọmọge, kúnlẹ̀. "Alihamudulilai! Alààjì ti pàásì!" Wọ́n ní kí n lọ ra mósà wá ní Ọjà-Ọba, kí àwọn fi ṣe sàárà.

Mo rà á dé, mo gbé e fún ìyá mi, ni nọ́ọ̀sì kan bá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bùrọ̀dá, bí máàkì yẹn bá ṣe ń ga sí i ni ikú ń sún mọ́ wọn."

Kí n tó yíjú, ìyá mi ti gbé mósà dé iwájú dókítà. "Ẹ gbà, ọmọ mi. Sàárà máàkì Alààjì ni."

Ó mú méjì. Ó ní ó dùn.