Ìṣísẹ̀ Ogún sí Ọ̀fà

Ní agboolé wa ní Ṣakí, ẹni tó bá lọ sí oko láàárọ̀, tó bá dé nírọ̀lẹ́, a ó kí i káàbọ̀. Ẹni tó bá lọ pọnmi, a ó kí i káàbọ̀. Ewúrẹ́ nìkan ló ń wọlé tí ẹnikẹ́ni kì í kí. Lọ́dún tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, èmi náà bọ́ sínú ẹgbẹ́ ewúrẹ́.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣe káfíńtà ní Èkó, níbi tí a ti ń tún àwọn ọkọ̀ ojú irin onípákó ṣe. Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ méjì, ìyàwó kan àti àwọn ọmọ. Gbogbo agboolé tú jáde: "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ kú ìrìn, ṣé àlàáfíà lẹ dé?" Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi, mo ní, "Ẹ kú ilé o, ìyá mi."

Ìyá mi wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, "O dé."

Ìyẹn kì í ṣe ìkíni. Ẹ̀rí ni. Bí ọlọ́pàá bá bi wọ́n pé ṣé mo dé, ohun tí wọn ó sọ náà nìyẹn. Wọ́n gbé iyán fún mi, wọ́n bu ọbẹ̀ sí i, ẹran inú rẹ̀ ò kéré. Ṣùgbọ́n káàbọ̀ ṣá, n ò rí i gbọ́.

Mo mọ ohun tí mo ṣe, kí n má parọ́. Ìyá mi ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ṣoṣo, ó lọ́kọ sí Ọ̀fà. Láti ìgbà tí mo ti wọ iṣẹ́ rélùwéè ni mo ti ń fọ́nnu fún ìyá mi. Mo ní, "Ẹ má fi eruku lọ́rì pa ara yín. Èmi ni n ó fi ọkọ̀ ojú irin gbé yín láti Ìbàdàn dé Ọ̀fà. Orí tìmùtìmù lẹ ó jókòó sí, ẹ ó kàn máa wo igbó lójú fèrèsé." Lọ́dọọdún ni wọ́n ń fún òṣìṣẹ́ ní ìwé ọ̀fẹ́ kan tó lè fi gbé ará ilé rẹ̀ rìnrìn àjò. Lọ́dún kìíní, ìyá mi di ẹrù: èlùbọ́, àti aṣọ òfì kan tí wọ́n rà ní Ìṣẹ́yìn fún ẹ̀gbọ́n wọn. N ò ráyè wá. Lọ́dún kejì, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ìkórè kọjá. Lọ́dún kẹta, ìyàwó mi bímọ, ìyá rẹ̀ wá láti Ìkìrun wá wẹ ọmọ, nígbà tó sì ń padà lọ, mo fún un ní ìwé ọ̀fẹ́ náà.

Ẹ gbọ́ o. Ìyá ìyàwó mi wọ ọkọ̀ ojú irin kí ìyá tó bí mi tó wọ̀ ọ́. Ìròyìn ò sì nílò ojú irin. Kí oṣù tó parí, ó ti dé Ṣakí.

Ìyá mi gbọ́ ọ. Wọn ò wọ lọ́rì, wọn ò lọ Ọ̀fà, wọ́n ń dúró dè mí. Ọdọọdún ni mo sì ń rí àwáwí ṣe: iṣẹ́ pọ̀, ọmọ ń ṣàìsàn, ọ̀gá ò gbà. Lọ́dún tó ṣáájú ọdún tí mo fẹ̀yìn tì, ẹ̀gbọ́n wọn kú. Wọ́n ti sin ín kí ẹnikẹ́ni tó ránṣẹ́ sí Ṣakí.

Nígbà tí "O dé" yìí pé oṣù mẹ́fà, mo mú àbúrò bàbá mi dání lọ bẹ̀bẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá mi ní, "Dìde, mo ti gbọ́. N ò bínú. Ṣùgbọ́n àdéhùn ìrìn àjò ló wà láàárín èmi pẹ̀lú rẹ. O gbéra láti ọdún tí mo ti di ẹrù, o ò tíì mú mi débẹ̀. Ẹni tí ò tíì parí ìrìn àjò, ṣé wọ́n ń kí i káàbọ̀ ni?"

Àbúrò bàbá mi yíjú sí mi. Ó ní, "Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni o." Ẹni tí mo mú wá gbèjà mi nìyẹn.

Mo ní kí a kúkú lọ nígbà náà, kí a gbéra lọ́la. Ìyá mi ní orúnkún àwọn ò lè gun lọ́rì dé Ìbàdàn mọ́. Wọ́n ní, "Ta ni mo sì fẹ́ lọ kí?" Mo jáde síta. 

Àlàájì kan wà ní ìlú wa tí a jọ lọ ilé kéú. Òun ń ṣòwò màlúù, èmi ń fági. Owó rẹ̀ ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n nínà kan náà ni wọ́n nà wá nílé kéú. Ó gbọ́ pé wọ́n ń ta àwọn ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ tí wọ́n ti pa tì, ló bá lọ ra ọ̀kan, onípákó, ti ayé òyìnbó. Ó ní òun fẹ́ fi ṣe pálọ̀ tí òun ó ti máa gba àlejò, ó sì gbé iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́. Tírélà ló gbé e wá sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá irin mẹ́jọ àti àwọn ìtì igi tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ wọn.

Lọ́jọ́ tó wọ̀lú, ilé ìwé tú. Àwọn ènìyàn ní ìjọba ló fi ọkọ̀ ránṣẹ́ ṣáájú, pé ojú irin ń bọ̀ lẹ́yìn. Bàbá kan tó wá láti Kòmú bi mí pé aago mélòó ló máa gbéra. Mo ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n jókòó títí di ìrọ̀lẹ́.

Ìyà ti jẹ ọkọ̀ náà. Ikán ti jẹ ìdajì ilẹ̀ rẹ̀, adìyẹ ti yé sábẹ́ ìjókòó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha ọ̀dà ara rẹ̀: ọ̀dà pupa, ọ̀dà ewé lábẹ́ rẹ̀, ọ̀dà funfun tó ti pọ́n lábẹ́ ìyẹn, kí n tó kan igi. Igi náà dára. Àwọn tó kàn án mọ iṣẹ́. Ibi tí wọ́n bá ti ki ẹnu pákó bọ ẹnu pákó, n ò gbà kí ẹnikẹ́ni kan ìṣó mọ́ ọn. Káfíńtà kan tí Àlàájì fi ràn mí lọ́wọ́ kan ìṣó mẹ́ta níbẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Mo yọ ìṣó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo fi lé e lọ́wọ́, mo ní kó máa lọ sílé. Wọ́n ní mo burú. Mo burú lóòótọ́.

Mo lọ wá pákó igi apá ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, mo fi tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Mo ṣí kánfáàsì òrùlé tó ti jẹrà, mo na tuntun sí i, mo kùn ún lọ́dà lẹ́ẹ̀mẹrin. Àlàájì fẹ́ fi rọ́bà pupa bo àwọn ìjókòó. Mo ní òfì Ìṣẹ́yìn ni n ó fi bò wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sí Ìṣẹ́yìn nítorí òfì yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta tí mo padà dé ni mo ní, "Ẹ kú ilé o." Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni ìyá mi ní, "O dé."

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló dá ìjà sílẹ̀. Mo tú ẹsẹ̀ rẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo fi gírísì sí i, mo tún bíréèkì ọlọ́wọ́ rẹ̀ ṣe, èyí tí wọ́n ń yí bí ìtọ́kọ̀ mọ́tò. Àlàájì dé, ó bínú.

"Pálọ̀ ni mo ní kí o ṣe fún mi. Pálọ̀ wo ló ń lo bíréèkì?"

"Ọkọ̀ tí ò bá lè rìn, àgò adìyẹ ni."

"Kó rìn lọ síbo? Ọ̀pá irin mẹ́jọ péré ni mo rà!"

"Ìyẹn ò kàn ọ́," ni mo wí, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ló ni ọkọ̀, òun ló ni ilẹ̀, òun ló sì ń bọ́ mi.

 Ó mọ ìyá mi, ó sì ti gbọ́ "O dé" yẹn létí ara rẹ̀. Ó ní, "Háà," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

A tẹ́ ọ̀pá irin mẹ́rin lápá kan, mẹ́rin lápá kejì. Nígbà tí ọkọ̀ ti jókòó lé e, mo fẹsẹ̀ wọn ibi tó ṣẹ́kù níwájú. Ìṣísẹ̀ ogún ni. Mo gbé ìtì igi ńlá dí ìparí rẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Ajé ni mo ń fi òòlù lu ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà níkọ̀ọ̀kan bí a ti ń ṣe ní Èkó: èyí tó bá dára, yóò dún gooro, èyí tó bá ti sán, yóò dún bí ìkòkò tó fọ́. Àwọn tó ń gun alùpùpù lọ oko a dúró lójú ọ̀nà. "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé ó ti dé Kano?" Mo ní ó ti dé, ó sì ti padà.

Nígbà tí ohun gbogbo parí, mo lọ bá ìyá mi nínú ìyẹ̀wù wọn. Mo ní, "Ẹ di ẹrù yín. Ọkọ̀ ti ṣe tán."

"Ó lè dé ibo?"

"Ìṣísẹ̀ ogún."

Wọ́n ronú sí i. Wọ́n ní, "Ìṣísẹ̀ ogún. Ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, lẹ́yìn ìrun. Mọ́tò Àlàájì ló gbé wọn wá. Wọ́n wọ aṣọ àtàtà, wọ́n di èlùbọ́ sínú igbá, wọ́n sì gbé òfì ọdún kìíní yẹn dání, kò tíì tú nínú ìdì rẹ̀. Mo gbé wọn gun àtẹ̀gùn. Mo fi ìjókòó hàn wọ́n lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n sì bi mí pé níbo ló kọjú sí. Ẹ̀yìn ló kọjú sí.

"N ò ní fẹ̀yìn lọ Ọ̀fà," ni wọ́n wí.

Mo fa ẹ̀yìn ìjókòó náà, ó yí padà, ó kọjú síwájú. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kẹrosín rẹ irin ibẹ̀ kó tó gbà. Àlàájì ti ní kí n kàn án pa. Wọ́n jókòó, wọ́n gbé igbá lé ẹsẹ̀.

Àwọn géńdé mẹ́jọ dúró lẹ́yìn ọkọ̀, Àlàájì bọ́ agbádá, ó dara pọ̀ mọ́ wọn. Mo kígbe pé kí wọ́n tì. Wọ́n tì í, kò mira. Wọ́n tún tì í, iṣan ọrùn wọn yọ, kò mira. Ọdún mọ́kàndínlógún nídìí iṣẹ́, mo gbàgbé láti tú bíréèkì.

Ohùn ìyá mi wá láti ẹ̀yìn mi. "Ṣé ìkórè tún ti dé ni?"

Mo tú bíréèkì. Ọkọ̀ náà dún kẹrẹ, ó gbéra.  Igi máńgòrò Àlàájì kọjá lójú fèrèsé. Kànga kọjá. Àwọn ọmọ ń sá tẹ̀lé wa, wọ́n sì ní láti dúró dè wá. Mo rọra yí bíréèkì, ó dúró, kò kan ìtì igi.

Ìyá mi wo ìta. "Ṣé Ọ̀fà nìyí?"

Gbogbo ènìyàn ń wò mí. Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ti mọ́ ahọ́n mi lára. Mo ní, "Rárá, ìyá mi. Ẹ̀yìnkùlé Àlàájì ṣì ni."

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wàá tún parọ́ fún mi ni."

Wọ́n wá tú ìdì òfì náà. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ìjókòó tó dojú kọ wọ́n, wọ́n fọwọ́ pa á kó tẹ́jú. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo dé o. Ẹ má bínú. Ọmọ ló fi mí sọ́nà." Mo di irin bíréèkì mú, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. N ò tijú.

Wọ́n ti ọkọ̀ padà síbi tó ti gbéra. Ìyá mi fi òfì náà sílẹ̀ lórí ìjókòó, Àlàájì ò sì jẹ́ kí àlejò kankan jókòó síbẹ̀ mọ́. Àlàájì gbé ìyá mi sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ará àdúgbò tó wà níbẹ̀, ẹni kan ò rẹ́rìn-ín nínú wọn. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀: "Ẹ káàbọ̀ o, ìyá. Ẹ kú ìrìn." Ìyá mi ń dá wọn lóhùn níkọ̀ọ̀kan, "Ẹ kú ilé o, ẹ kú ilé," wọ́n sì ń bu èlùbọ́ fún wọn bíi ẹni tó ti àjò dé.

Èmi ni mo sọ̀ kẹ́yìn, torí mo ní láti so bíréèkì. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú eruku. Mo ní, "Ẹ kú ilé o, ìyá mi."

Wọ́n gbé igbá wọn sílẹ̀.

"Káàbọ̀, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "O mà pẹ́ lọ́nà o."

Mo wá àwáwí, n ò rí ọ̀kan.