Ẹni Tó Ni Àwo Ló Ń Yí I

Mi ò kì í mu ọtí, ibà ò sì ṣe mí lọ́jọ́ náà. Mo fi ìyẹn ṣáájú nítorí mo mọ̀ yín. Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí tán, ẹnìkan á ní bóyá mo sùn lọ lórí àga ni. Mi ò sùn. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni, oòrùn ṣì ń wọlé lójú fèrèsé, ìyàwó mi ń gé ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé. Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i.

Kì í ṣe rírí tí mo rí i ló ń dùn mí. Ìdí tó fi wá gan-an ni kò jẹ́ kí n lè gbé orí sókè láàárín èèyàn mọ́. Mi ò tíì sọ ọ́ délẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wà láàárín wa.

Orin jáàsì ni mo fẹ́ràn. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé orin tí kò lórí tí kò nídìí ni mò ń gbọ́. Wọn ò mọ nǹkan kan. Akọ̀wé ìjọba ni mí, Mahuta níbí ní Kaduna ni mò ń gbé, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kó àwo rẹ́kọ́ọ̀dù jọ, àwọn àwo dúdú ńlá tí à ń gbé abẹ́rẹ́ lé. Níbi tí àwọn mìíràn bá ti ń wá ṣòkòtò òkìrìkà, àwo ni èmi ń wá.

Bàbá Ṣẹ́gun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ. Ọmọ Kabba ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ilé rẹ̀ wà ní Kabala Costain. Bàbá ní páálí kan, àwo méje ló wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ti ẹnìkan ṣoṣo tó ń tẹ dùùrù. Ó rà á nígbà tó lọ kàwé lókè òkun, ó sì gbé e lórí itan rẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú títí tó fi délé. Mi ò rí ẹlòmíràn tí méjèèje pé sí lọ́wọ́ rí ní gbogbo Kaduna.

Ní gbogbo Sátidé, láago mẹ́rin, èmi àti Dánlámì mẹkáníìkì á lọ bá a ní pálọ̀ rẹ̀. Òfin méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, a ó dijú, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí ojú kan àwo á fi parí. Ìkejì, ẹni tó ni àwo nìkan ló lè dìde lọ yí i sí ojú kejì. Ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bó bá ti yí i tán, àwa yòókù á kí i pé sannu, bí a ṣe ń kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ níbí.

Nígbà tó yá, ojú Bàbá fọ́. Dókítà ní ó ti pẹ́ jù kó tó wá. Síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló ń yí àwo rẹ̀. Á gbé e, á fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀ yíká wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, á yí i, á gbé abẹ́rẹ́ lé e, kò ní ṣì í. Kíkó wọn padà sínú páálí nìkan ló fi sílẹ̀ fún mi. Ó fọkàn tán mi.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe.

Nínú páálí yẹn, àwo karùn-ún ni mo fẹ́ràn jù. Iwájú èrò ni wọ́n ti gba orin náà sílẹ̀. Ẹ ó gbọ́ ẹni tó wúkọ́, ẹ ó gbọ́ tí ife kan ife. Lẹ́yìn náà ọkùnrin yẹn á dákẹ́ díẹ̀, bíi pé ó ń wá ohun tó kàn, kó tó tún fọwọ́ ba dùùrù. Ìdákẹ́ yẹn ló ń pa mí. Èmi náà ní àwo yìí kan náà, mo rà á lọ́wọ́ ẹlẹ́rù òkìrìkà, ṣùgbọ́n nǹkan mímú ti họ ọ́ lójú. Bí abẹ́rẹ́ bá dé ibi ìdákẹ́ yẹn, á fò ó kọjá.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Dánlámì ò wá. Bàbá wọ yàrá lọ kán oògùn sójú. Mo yọ tirẹ̀ jáde, mo ki tèmi tó ti họ bọ inú páálí, mo fi ìwé ìròyìn bo tirẹ̀ nínú báàgì mi. Ẹ má sọ pé èṣù ló tì mí. Láti ilé ni mo ti gbé tèmi wá.

Bàbá jáde, ó ní ṣé mo ti kó wọn. Mo ní mo ti kó wọn, sà. Ó súre fún mi.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ní ká gbọ́ àwo karùn-ún. Orin ń lọ, ikọ́ lọ, ife lọ, abẹ́rẹ́ dé ibẹ̀, ó fò. Dánlámì lajú. Bàbá dìde, ó gbé àwo náà, ó fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀ yíká. Ó tún tọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kejì yìí ni ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ojú tì mí débi pé ilẹ̀ ni mò ń wò, bẹ́ẹ̀ ẹni tí mò ń sá fún kò ríran.

Bàbá ní, "Eruku ni. Bá mi nù ún."

Mo gba aṣọ, mo nù ún. Mo fara balẹ̀ nù ún dáadáa, bíi ẹni tó gbà pé eruku ni lóòótọ́. Kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi títí tó fi kú, kí òjò ọdún yẹn tó bẹ̀rẹ̀. Mo wà lára àwọn tó gbé pósí rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ nípa òótọ́ inú ni mo sọ, ẹ gbà mí gbọ́, àwọn èèyàn sì sunkún.

Nígbà tó di oṣù kejì tí Bàbá kú, Dánlámì ní kò yẹ kí Sátidé wa bàjẹ́. Ó wá sílé mi ní Mahuta. Bí ojú mi ṣe le tó nìyí: àwo karùn-ún yẹn gan-an ni mo gbé jáde. Dánlámì bi mí ní Hausa pé ta ló ni ín. Mo ní èmi ni mo ni ín.

Mo gbé abẹ́rẹ́ lé e, a jókòó, a dijú. Ikọ́. Ife. Ìdákẹ́. Ó pé pérépéré. Omi bọ́ lójú mi, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Ojú àkọ́kọ́ parí. Abẹ́rẹ́ ń ṣe ṣáṣá ṣáṣá ní ìparí àwo. Mo fọwọ́ ti àga kí n lè dìde lọ yí i.

Òórùn rọ́ọ̀bù ni mo kọ́kọ́ gbọ́, irú èyí tí Bàbá máa ń fi pa iwájú orí. Kò sí rọ́ọ̀bù nílé mi. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ sálúbàtà tó ń wọ́ nílẹ̀, ó gba ẹ̀yìn àga mi, kò kánjú.

Ọwọ́ kan tẹ èjìká mi. Kò tẹ̀ ẹ́ líle rárá. Ó tẹ̀ ẹ́ bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń dá àbúrò dúró.

Ohùn kan sọ ọ́ létí mi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "Jókòó. Tèmi ni."

Mo jókòó. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Abẹ́rẹ́ gbéra fúnra rẹ̀. Àwo náà dìde kúrò lórí ẹ̀rọ, ó dúró lófuurufú, ó ń yí díẹ̀díẹ̀, bíi pé ẹnìkan ń tọ etí rẹ̀ yíká. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mi ò rí ọwọ́, mi ò rí èèyàn. Àwo ni mo rí. Ó dojú dé, ó balẹ̀ sójú kejì, abẹ́rẹ́ sì bà lé e, kò ṣì í.

Dánlámì ṣì dijú. Ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́, bó ṣe máa ń sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ wá: "Sannu, Baba."

Dánlámì ò pè mí ní Baba rí. Èmi àti ẹ̀ ò ju ara wa lọ.

Ẹnu rẹ̀ ló kọ́kọ́ ta òun fúnra rẹ̀ lólobó. Ó lajú, ó wo èmi tí mo jókòó, ó wo àwo tó ń yí. Ó gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, kò tilẹ̀ wọ̀ ọ́. Nígbà tó dé géètì, ó fi Yorùbá tí kò dá a lójú bi mí pé, "Ṣé tìẹ ni lóòótọ́?" Kò wá mọ́ látìgbà yẹn, bí mo bá sì gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá, abẹ́ mọ́tò ló máa ń wọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, bí a ṣe jáde ní ìsìn, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Kabala Costain, àwo náà wà nínú ìwé ìròyìn lábẹ́ apá mi. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún Ìyá Ṣẹ́gun, opó Bàbá. Mo fẹ́ sọ pé mo jalè. Ọ̀rọ̀ náà ò gùn.

Bí mo ṣe tú àwo náà, kí n tó la ẹnu, màmá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ni ín. Bàbá ti sọ fún mi kó tó lọ. Ó ní òun fún yín ní èyí tó dáa, òun gba tiyín, torí ẹ̀yin lẹ mọyì rẹ̀."

Mo ní ah, màmá. Ó ní òun ò ní gba ohun tí olóògbé ti fi tọrẹ. Ó bu oúnjẹ fún mi, mo jẹ ẹ́. Ó gbàdúrà fún mi pé Ọlọ́run á fún mi ní irú ọ̀rẹ́ tí mo jẹ́ fún ọkọ òun. Àdúrà yẹn, mo ṣe àmín sí i.

Mo ti rò ó títí. Bàbá mọ̀ láti ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ dúró létí àwo. Ó parọ́ fún ìyàwó rẹ̀ nítorí mi, kí orúkọ mi má bàa bàjẹ́. Ṣé ó ti wá fún mi ni? Bó bá fún mi, kí ló dé tó wá sọ pé tòun ni? Mi ò mọ̀. Mi ò gbé àwo náà sórí ẹ̀rọ mọ́, ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Síbẹ̀, láwọn Sátidé kan, ìyàwó mi á jáde láti kíṣìn-ín, á ní ta ló ń wọ́ sálúbàtà ní pálọ̀.

Mo ti padà lọ sílé màmá lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti sọ òótọ́. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bó bá ti kí mi káàbọ̀, ẹnu mi á pa dé.

Bí nǹkan oní-nǹkan bá wà nílé yín, ẹ má dúró de ọjọ́ tí ìtìjú máa tán. Kì í tán. Ẹ gbé e lọ fún un nígbà tó ṣì lè bú yín lójúkojú. Èmi ń wá ẹni tó máa bú mi, àdúrà ni wọ́n ń ṣe fún mi.