Màámi Ò Gbórí Nílẹ̀ Nínú Kámẹ́rà

Àyà mi ṣì ń lù kìkì bí mo ṣe ń tẹ èyí o!

Ẹ mọ̀ pé ìyàwó ọ̀ṣìngín ni mí, ayọ̀ ò jẹ́ n jókòó. Ọkọ mi so kámẹ́rà ilé wa ní Ìlobù àti ti ìyá rẹ̀ ní Ìfọ́n pọ̀ sórí áàpù kan lórí fóònù wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe wọ́n.

Lọ́sàn-án òní, mo rí Màámi, ìyá ọkọ mi, nínú rẹ̀, wọ́n forí kanlẹ̀ lórí ẹní ìrun. Mo jẹ ẹ̀bà tán, mo padà dé, orí wọn ṣì wà nílẹ̀! Bẹ́ẹ̀ adìyẹ ń rìn kiri nínú kámẹ́rà tiwa, áàpù náà ò dúró. Mo pè wọ́n, wọn ò gbé e. Ni mo bá gun ọ̀kadà tẹkún-tẹkún, ó di Ìfọ́n.

Mo bá Màámi níbi tí wọ́n ti ń bó èèpo ẹ̀gẹ́, fóònù wọn wà ní yàrá.

"Ìyàwó mi, kí ló dé? Ṣé ọkọ rẹ lé ọ jáde ni?"

Mo kúnlẹ̀, mo dì mọ́ wọn. "Màámi, ẹ ò dìde lórí ìrun!"

"Áà, o wá sìnkú mi ni? Ọmọ ni mo ń tọrọ fún yín níbẹ̀!"

Ọkọ mi ní kámẹ́rà tiwọn ni kò tíì bá áàpù náà rẹ́, àwòrán rẹ̀ ló dúró sójú kan. Ó fẹ́ tún un ṣe lálẹ́ yìí. Mo ní kó ṣì dúró ná. Lórí fóònù mi, Màámi ṣì ń tọrọ ọmọ fún wa.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ máa jẹ́ kó tún un ṣe?