Dókítà Ní Kó Tù Wọ́n, Èmi Gbọ́ Tutù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ kí n ròyìn ohun tí etí mi fẹ́ kó bá mi lẹ́nu iṣẹ́. Bí mo ṣe ń tẹ èyí, ọkàn mi ò tíì balẹ̀.

Ilé ìwòsàn ẹranko kan ní Under G, níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń bójú tó yàrá tí ẹranko máa ń sùn sí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀yìn mi ni Ìkẹ́ ọmọ mi máa ń wà. Ẹ ṣáà mọ iṣẹ́ abiyamọ.

Lọ́jọ́ yẹn, ooru mú bí ẹni pé wọ́n dáná sábẹ́ ilẹ̀. Dókítà wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ewúrẹ́ màmá kan láti Ọjà Igbó, wọ́n gbé ìbejì jáde nínú ẹ̀. Bí wọ́n ṣe parí, wọ́n gba Ọ̀yọ́ lọ, torí wọ́n ń kọ́ ilé ìwòsàn mìíràn sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, káfíńtà sì fẹ́ mọ ibi tí fèrèsé máa wà.

Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti pè mí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já. Ohun tí mo gbọ́ ni, "Ìyá Ìkẹ́, jẹ́ kí yàrá yẹn tutù o." Mo ní yes sir. Mo pa fèrèsé dé, mo tan ẹ̀rọ amúlétutù, mo tẹ̀ ẹ́ títí kò fi lè tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́.

Òtútù mú èmi gan-an. Mo wọ kádígàn fún Ìkẹ́, mo fi ṣọ́ọ̀lù bò ó lórí. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ọmọ tèmi ni mo bò.

Ìgbà tí màmá tó ni ewúrẹ́ wọlé, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí. "Ìyá ọmọ, ta ló kú tó o fi sọ ibí di mọ́ṣúárì?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní Dókítà ló ní kó tutù. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wo Ìkẹ́, wọ́n wo àwọn ọmọ ewúrẹ́ lórí ilẹ̀ táìsì. "Tìẹ wọ súẹ́tà. Tèmi ńkọ́?"

Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kàn wọ́n. Ìyá ewúrẹ́ ń gbọ̀n. Ẹnu èyí tó kéré nínú ìbejì tutù bíi yìnyín, kò lè gbórí sókè.

Mo pa AC, mo ṣí fèrèsé. Mo tẹ́ àpò sílẹ̀ fún wọn, mo rọ omi gbígbóná sínú ike, mo fi táwẹ́ẹ̀lì Ìkẹ́ wé e, mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo gbé Ìkẹ́ fún màmá, mo wá so èyí tó kéré mọ́ àyà mi. Ṣé ó ń mí? Ṣé kò mí? Mò ń lọ, mò ń bọ̀. Màmá ní kí n jókòó, pé bí òtútù ò bá pa á, òòyì máa pa á.

Mo pe Dókítà. "Tù wọ́n ni mo wí! Ta ló ní kó tutù?" Wọ́n ṣàlàyé pé ẹran tí abẹ́rẹ́ oorun ò tíì dá lójú ẹ̀ kò lè mú ara ẹ̀ gbóná, pé ilẹ̀ táìsì àti atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí i lára gan-an ló burú jù.

Nígbà tó yá, ìyá ewúrẹ́ ò gbọ̀n mọ́, nǹkan kan sì ń ti ẹnu mọ́ mi láyà. Ó ń wá ọmú. Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o, omi ọmú rin bùláòsì mi gbindin. Màmá pariwo, "Ó ti rí ìyá kejì!" Ẹkún ni mo bú sí.

Dókítà ti yí ètò ilé ìwòsàn tí wọ́n ń kọ́ sí Ọ̀yọ́ padà. Yàrá ìsinmi tó wà níbẹ̀ ò ní ní AC, fèrèsé ẹ̀ á ga kí atẹ́gùn lè gba orí ẹran kọjá, pákó ni wọ́n á sì máa sùn lé.

Ohun tí mo kọ́ rèé: ilé tó tutù kọ́ ni ilé tó tuni lára. Ní báyìí, mo máa ń kúnlẹ̀ síbi tí ẹran máa sùn sí, kí n fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ilẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Nínú ooru yìí, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ara tu ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, ẹ jọ̀ọ́.