Ilẹ̀kùn Mama Nkechi

Lọ́jọ́ tí ayé wa dàrú, mo ń ya odò Ọya sójú pátákó ní kíláàsì mi ní Onitsha. Ìbọn ńlá dún láti òdìkejì odò, ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ mi. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Èyí tó tẹ̀ lé e ló ṣí páànù orí wa.

Ogun ká ọkọ mi mọ́ Ìbàdàn, níbi tó ti lọ ra aṣọ tó ń tà. Ó fẹ́ ìyàwó mìíràn síbẹ̀ kí ogun tó tán. N kò ní torí tirẹ̀ ba ìwé jẹ́. Èmi àti Sàdíà, ọmọ wa ọdún mẹ́fà, ló kù. Àwọn gìrìpá kan ń wá amí láti ilé dé ilé, Yorùbá sì ni wá. Mo fà á lọ́wọ́, ó di ẹ̀yìnkùlé Mama Nkechi, aládùúgbò wa.

Ọdún mẹ́rin la fi jọ lo iná kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dáná, ẹnì kejì á wá bu ẹ̀yinná lọ́dọ̀ rẹ̀. Òrùka mi ni mo fi ń kan ilẹ̀kùn ìdáná rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, á sì fi Ígbò dáhùn pé, "Wọlé, olè iná!"

Lọ́jọ́ yẹn náà, mo kàn án lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gbọ́ èémí rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Mama Nkechi, èmi ni. Gba Sàdíà nìkan. Èmi á lọ."

Ó fi irin há ilẹ̀kùn.

A gba Ogidi wọgbó. A jẹ ewé, a jẹ aláǹgbá. Ẹsẹ̀ Sàdíà wú, irun rẹ̀ pọ́n. Mo fi òrùka lọ pààrọ̀ oúnjẹ, kò sẹ́ni tó gbà á. Ìdí ọ̀pẹ kan ni mo sin ọmọ mi sí. Mo ti padà lọ wá ọ̀pẹ náà, n kò rí i.

Lẹ́yìn ogun, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Èmi àti Mama Nkechi ń kí ara wa, a kò jọ lo iná mọ́. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, tí gbogbo ìlú di yanrìn àti sìmẹ́ǹtì, Nkechi ọmọ rẹ̀, tí wọ́n ti gbé lọ sábúlé kí ìbọn tó dún, kọ eré kan nípa ogun. Gbọ̀ngàn kékeré ilé ẹ̀kọ́ wa ni wọ́n ti fẹ́ ṣe é. Ó fi Yorùbá tí mo kọ́ ọ ní kékeré pè mí.

"Mama Sàdíà, ẹ wá o. Ìtàn yín ni. Ìyá mi ti sọ bí àwọn ṣe gbà yín sílé."

Wọ́n fi mí sí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ níwájú. N kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Mo ń ká etí gèlè mi, mo ń tú u. Lórí ìtàgé, obìnrin Yorùbá kan kan ilẹ̀kùn, obìnrin Ígbò kan ṣí i, ó gbá ọmọ obìnrin Yorùbá náà mọ́ra. Àwọn èèyàn ń sunkún. Mama Nkechi náà ń nu ojú.

"Ilẹ̀kùn wo lo ń sunkún sí?" ni mo bi í.

"Mama Sàdíà, jọ̀ọ́, àwọn èèyàn ń wò wá."

"Kí wọ́n máa wò."

Mo gun orí ìtàgé. Àwọn òṣèré sún sẹ́yìn. Mo ti ilẹ̀kùn pákó wọn padà, mo fi òrùka mi kàn án lẹ́ẹ̀mẹta.

Nkechi mọ ìró yẹn láti kékeré. Kò wo èmi; ìyá rẹ̀ ló ń wò.

"Mama," ó ní, "ẹ dá wọn lóhùn."

Mo dúró pẹ́. Láti ibi tí mo wà, mo tún gbọ́ èémí Mama Nkechi, bíi ti ọjọ́ yẹn.