Báwo Ni Kétu Ṣe Jìnnà Tó sí Avéa?

Mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, ní àdúgbò Avéa níbí ní Libreville, nígbà tí ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn gbà mí lọ́kàn. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, ẹ ó rántí àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lára ògiri kíláàsì. Mo mú òwú lọ́wọ́ bàbá mi tó jẹ́ télọ̀, mo fi wọn Libreville sí Kútọnu ní ilẹ̀ àwọn òbí mi: kò ju ìka méjì lọ. Tíṣà ní ó tó ẹgbẹ̀rún kìlómítà, bí ẹyẹ bá fò ó tààrà. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún bàbá mi, ó rẹ́rìn-ín títí.

"Ọkọ̀ ojú omi ni èmi bá wá. Odindi ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi ń bì. Èwo ni ti ẹyẹ níbẹ̀?"

Lọ́dún yẹn ni wọ́n ránṣẹ́ pé ara ìyá Màmá mi ò yá ní Kétu, ìlú wọn lókè Kútọnu, kí ó tètè máa bọ̀. Ní òwúrọ̀ tí Màmá ń lọ, mo di ìró rẹ̀ mú, mo bi í pé wákàtí mélòó ni yóò fi débẹ̀. Ó ń wá páálí ìrìnnà rẹ̀ kiri, ó kàn dáhùn pé, "Gbé ẹ̀wà kaná, Ràfí. Kó tó jinná, màá ti gúnlẹ̀. Màá pè yín."

Bí mo ti gbọ́ ìró bàálù lókè báyìí, mo gbé ẹ̀wà ka orí èédú. Kò sí tẹlifóònù nílé wa. Ọ̀dọ̀ Alájì, ará Nàìjíríà tó ní ṣọ́ọ̀bù lódìkejì títì, ni wọ́n máa ń pè wá sí. Mo sáré lọ, mo sáré bọ̀. "Wọn ò tíì pè," ni Alájì ń wí. Ẹ̀wà jinná. Mo bu omi tútù sí i, kó má tíì jinná. Ó di ẹ̀kọ, mo tún bu omi. Nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀karùn-ún, ó jóná mọ́ ìdí ìkòkò.

Èéfín ni Bàbá bá nílé. Ó ní kí n kúnlẹ̀, kí n nawọ́ sókè. Mo fara dà á títí apá fi ń gbọ̀n, kí ọ̀rọ̀ tó bọ́ lẹ́nu mi: "Bàbá, ẹ̀wà ti jinná, Màmá ò pè. Ṣé bàálù wọn já ni?"

Ó fà mí dìde, ó nu ojú mi, ó fi ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sáṣọ fa ilà sílẹ̀. "Bàálù á kọ́kọ́ bà ní Lomé. Tó bá dé Kútọnu, màmá ẹ á dúró kí ọkọ̀ kún. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà Kétu, eruku àti kòtò. Ilẹ̀ ló máa pẹ́ jù, Ràfí, kì í ṣe òfurufú."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Alájì figbe ta: "Ràfí, màmá ẹ ló ń pè o!" Ohùn Màmá ń lọ, ó ń bọ̀. "Mo bá a láàyè. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá o ti ga tó mi léjìká." Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi jọ wà kí Ìyá àgbà tó dágbére fáyé.

Ayé ti yàtọ̀ báyìí. Màmá ti padà lọ ń gbé ní Kétu, ọmọ mi obìnrin sì lè wo bàálù lórí fóònù bó ṣe ń rìn lójú òkun. Nígbà tí a ń lọ kí Màmá, kìlómítà àti ìṣẹ́jú ló ń kà sí mi létí ní Faransé títí a fi balẹ̀. Ó di inú tasí tó kún fọ́fọ́ lọ́nà Kétu, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò wọ fóònù mọ́, kó tó bi mí pé, "Maman, irú èèyàn wo ni màmá yín nígbà tí ẹ wà ní kékeré?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. A dé ẹnu ọ̀nà Màmá, mi ò tíì sọ dé ìdajì.